Ọkọ mi ti kú, wọ́n ní "ó tó gẹ́ẹ́": ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i

ÌyáỌmọMéjì

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ mi ti jáde láyé, ó ti lé ní oṣù mẹ́fà báyìí. Àìsàn ló ṣe é, ó sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀, torí náà gbogbo wa la mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Èmi rò pé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ yẹn, á fúyẹ́ díẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni.

Ohun tó gbé mi dé ibí ni pé àwọn èèyàn ti ń sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé mi ò lè máa bá òkú ṣe ọkọ. Kò bínú sọ ọ́ o, àánú mi ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí leegun.

Èyí tó wá ń rú mi lójú ni pé ọjọ́ mìíràn wà tí ara mi á yá gágá. Màá ṣiṣẹ́, màá bá àwọn ọmọ ṣeré, màá rẹ́rìn-ín débi pé omi á bọ́ lójú mi. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, lẹ́tà kan báyìí á dé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn, màá sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ké bí ẹni pé àná ló kú. Wọ́n ní ìpele márùn-ún ni ọ̀fọ̀ ń gbà kọjá: àìgbàgbọ́, ìbínú, ìdúnàádúrà, ìsoríkọ́ àti gbígba kámú. Mo ti wá ara mi tì nínú márààrún. Mo ti bínú, mo ti gba kámú, mo tún ti padà lọ bínú.

Ṣé nǹkan kan ló ń ṣe mí ni? Ẹ̀yin tó ti ṣe é rí, ìgbà wo lẹ kó aṣọ wọn? Òrùka ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ látẹnu ẹni tó ti débẹ̀.

Òtítọ́Korò

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mà. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ náà.

Èmi ò ní bá yín fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹ kó gbogbo ẹrù náà kúrò nílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń rí bàtà olóògbé lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, báwo lọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́ balẹ̀? Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi kú, kí ó tó ti ibi ìsìnkú délé la ti palẹ̀ gbogbo ẹ̀ mọ́. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn báyìí, ara rẹ̀ sì le koko.

BàbáÒwúrọ̀

Òtítọ́Korò, ẹ má bínú, ẹ bi àbúrò yín léèrè kí ẹ tó kó o àbí ẹ kàn kó o ni?

Ìdí tí mo fi bi yín ni pé wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún èmi náà. Ìyàwó mi kú, àwọn èèyàn mi wá bá mi tún ilé ṣe. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mi ò jiyàn. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n nu gíláàsì, wọ́n kó aṣọ lọ, wọ́n sì fọ ìrọ̀rí rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wá òórùn olóògbé kiri inú ilé ò lè mọ ohun tí wọ́n fọ̀ dànù yẹn. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, òórùn ọṣẹ ni. Mo gbé ìrọ̀rí, ọṣẹ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni mo wá fọwọ́ wá abẹ́ ìjókòó mọ́tò, mo rí ìborùn rẹ̀ kan tó ti ká kóńkó síbẹ̀. Mo dì í sínú náílọ́ọ̀nù, mo so ẹnu rẹ̀ pinpin, mo sì máa ń tú u wò díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ọkùnrin àgbàlagbà tó ń fi imú gbọ́ náílọ́ọ̀nù. Ohun tó jẹ́ kí n sùn ní oṣù yẹn nìyẹn.

Torí náà, Mà, ẹ gbọ́ tèmi: ohun tó bá ń dá yín lóró láti máa rí, ẹ kó o sínú àpótí, kí ẹ gbé e síbi tójú yín ò ní máa bá a. Kíkó nǹkan sínú àpótí yàtọ̀ sí kíkó o dànù. Ohun tó wà nínú àpótí, ẹ lè dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì òní. Èyí tí wọ́n bá ti kó fún aláàánú, ó tán nìyẹn. Kò sì pọn dandan kí ẹ nìkan ṣe é. Ẹ pe ẹnì kan tí kò ní máa kán yín lójú, kó jókòó tì yín, kó máa di àpótí.

Òrùka: mo gbé tèmi bọ ọwọ́ kejì, ibẹ̀ ló wà fún ìgbà pípẹ́. Ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Ẹ̀gbọ́n_Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò mi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ìdílé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìpele márùn-ún yẹn, torí ó ti kó wàhálà bá ọ̀pọ̀ èèyàn.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Elisabeth Kübler-Ross ló kọ ọ́ jáde ní 1969. Àwọn tó bá sọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́ ni àwọn aláìsàn tí ikú tiwọn gan-an ti dé tán. Kì í ṣe opó ló ń bi léèrè nígbà náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n wá mú un bá àwọn tó ṣẹ́kù sílẹ̀, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di àkàbà: ẹ gun èyí, ẹ gun ìyẹn, ẹ dé òkè, ọ̀fọ̀ parí. Mi ò tíì rí ẹni tó gùn ún bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá rí ara yín nínú rẹ̀, ẹ má wá a mọ́.

Èyí tó jọ ohun tí ẹ ń sọ ni ti àwọn olùwádìí méjì kan ní Netherlands, Margaret Stroebe àti Henk Schut, tí wọ́n gbé jáde ní 1999. Wọ́n ní ọ̀nà méjì ló wà níwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀kan ni kó kọjú sí àdánù náà, kó sunkún, kó wo fọ́tò, kó rántí. Èkejì ni kó kọjú sí ayé tó kù, kó kọ́ iṣẹ́ tí olóògbé ń ṣe nínú ilé, kó pàdé èèyàn tuntun, kó tiẹ̀ sinmi nínú ìbànújẹ́ náà. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á máa lọ sọ́hùn-ún, á máa bọ̀ níhìn-ín. Ẹni tó bá rì sínú omi gbọ́dọ̀ yọrí wá mí. Ọjọ́ tí ẹ ń rẹ́rìn-ín àti ọjọ́ tí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀fọ̀ kan náà ni. Ẹni tí mo máa ń bẹ̀rù fún ni ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pátápátá: tó ń sunkún láìsinmi, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ láìsinmi kó má baà sunkún.

Mo tún fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa ara. Ọ̀fọ̀ kì í mọ sí ọkàn nìkan. Ní Britain, Colin Murray Parkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa ọkùnrin 4,486 tí ìyàwó wọn kú, àwọn tó ti tó ọmọ ọdún 55 lọ sókè. Lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, iye àwọn tó kú nínú wọn fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n retí lọ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ṣì níyàwó, àrùn ọkàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. 1969 náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àìsàn ọkàn kan tún wà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Japan kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1990, Takotsubo lorúkọ rẹ̀: ìpayà tàbí ìbànújẹ́ ńlá á mú kí apá kan ọkàn wú, kó má lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa. Àwọn obìnrin tó ti kúrò ní ọjọ́ orí nǹkan oṣù ló ń ṣe jù. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ́ nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n tó bá bẹ̀rẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ fojú yà á sọ́tọ̀ sí ìkọlù ọkàn gidi. Torí náà, bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí ò délẹ̀, ẹ má sọ pé ìbànújẹ́ lásán ni. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, kó má jáwọ́. Bí ọkàn ò bá sí nílé, oògùn lèèyàn ń kọ́kọ́ gbàgbé.

ÌyáỌmọMéjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n tẹ ìdáhùn yín yìí sórí bébà fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ohun kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nírọ̀lẹ́, àsìkò tó máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ ketekete. Nígbà kan mo tiẹ̀ dá a lóhùn. Mo sì máa ń bá a sọ̀rọ̀ tí mo bá ń ṣiṣẹ́ ilé, màá bi í pé "báwo lẹ ṣe ń ti nǹkan yìí pa ná?" Ṣé orí mi ò ti fẹ́ dàrú báyìí?

Ẹ̀gbọ́n_Nọ́ọ̀sì

Orí yín pé. Dókítà kan ní Wales, Dewi Rees, fọ̀rọ̀ wá opó 293 lẹ́nu wò, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1971. Ó kù díẹ̀ kó tó ìdajì wọn tó sọ pé àwọn ń gbọ́ olóògbé, tàbí àwọn ń rí i, tàbí pé àwọn kàn ń mọ̀ ọ́n lára pé ó wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Etí yín ti kọ́ ariwo ìrọ̀lẹ́ yẹn fún ọdún pípẹ́, kò tíì gbàgbé ni.

Ti ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá a sọ, ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ gbọ́dọ̀ já ara rẹ̀ kúrò lára òkú kó tó lè tún gbé ayé. Ní 1996 ni Klass, Silverman àti Nickman kó ìwádìí jọ tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn dá ni kò já a. Wọ́n ń bá a lọ ní ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń ro ohun tó máa wí, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ wá ìrànlọ́wọ́. Bí ìyánhànhàn náà bá wà lójoojúmọ́, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ lè tọ́jú ọmọ, kẹ́ ẹ lè gbà pé ó ti kú rárá, tí ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá láìrọ̀, ó ti di ohun tí àwọn oníṣègùn ń tọ́jú. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó kéré tán oṣù 6 ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ti àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, tó wọlé ní 2022, sọ pé oṣù 12 fún àgbàlagbà. Kì í ṣe oṣù nìkan ni wọ́n ń kà o, bó ṣe dá ayé èèyàn dúró ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá sì ti ń rò ó pé kóun náà kúkú tẹ̀ lé olóògbé lọ, kó má dúró de oṣù kankan. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó sọ fún ẹnì kan, kí wọ́n sì jọ lọ rí dókítà.

Akọ̀wéÀgbà

Ẹ kú ọ̀fọ̀, Mà. Èmi ò mọ̀ nípa ọkàn, ìwé ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé náà máa ń fa ẹkún, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí láìnì fóònù rẹ̀ kú. Mo ti rí ìdílé tó gé e kúrò lóṣù kìíní láti dín ìnáwó kù. Orí láìnì yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ránṣẹ́ sí tí ẹ bá fẹ́ wọ ímeèlì tàbí kí ẹ parí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Láìnì tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, iléeṣẹ́ tẹlifóònù lè gbé e fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá tẹ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ láti kàn wò ó, àjèjì ló máa gbé e. WhatsApp náà máa ń pa àkáǹtì tí wọn ò bá lò fún nǹkan bí 120 ọjọ́ rẹ́. Ohùn tó gbà sílẹ̀ fún yín, ẹ dà á sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún dà á síbòmíràn. Má fi í sílẹ̀ lórí fóònù kan ṣoṣo.

Facebook, ìdílé lè ní kí wọ́n sọ ọ́ di ojú ìwé ìrántí. Láti 2015 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí èèyàn yan ẹni tó máa bójú tó o sílẹ̀, Google sì ti ní irú ẹ̀ láti 2013, ṣùgbọ́n ẹni tó ni í ló gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Ẹ lọ ṣe tiyín lónìí.

Ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ gba ẹ̀dà púpọ̀ tó ní òǹtẹ̀. Báńkì á fẹ́ ọ̀kan, ibi iṣẹ́ á fẹ́, àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì á fẹ́, gbogbo wọn ló sì ń gba ojúlówó. Ilé tàbí ilẹ̀, ẹ má tà á lọ́dún àkọ́kọ́ bí ebi ò bá lé yín débẹ̀. Owó tí ẹnì kan bá wá yá lọ́wọ́ yín nígbà tí ojú yín ṣì pọ́n, ẹ sọ pé ẹ máa rò ó. Àwọn gbájúẹ̀ ń ka ìkéde òkú, ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó bá pè yín pé olóògbé jẹ òun lówó, ìwé ni kó kọ́kọ́ mú wá.

Èyí tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé: ìwé tiyín. Ta lẹ kọ sí ibi iṣẹ́ yín pé kí owó yín bọ́ sí lọ́wọ́ tí ẹ ò bá sí? Orúkọ ọkọ yín ló wà níbẹ̀, mo mọ̀. Ẹ lọ yí i padà sí ti àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì yan alágbàtọ́ fún wọn bí wọ́n bá kéré.

Alẹ́Gùn

Mo ti ń ka gbogbo èyí láti àárọ̀, mi ò mọ̀ bóyá mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí i.

A ò tíì ṣègbéyàwó. A ti jọ ń gbé fún ọdún púpọ̀, a ti dá ọjọ́, ó kù díẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ló gba gbogbo ẹ̀ ṣe. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi èmi sí níbi ìsìnkú, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó kí mi ní "ẹ kú ìrọ́jú". Ní ibi iṣẹ́, ìsinmi tí wọ́n ń fún opó, wọ́n ní kò kàn mí. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Nígbà tí ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ aṣọ àti ìrọ̀rí, ẹ̀rù ló ń bà mí; àwọn àbúrò rẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ lọ, ṣájà fóònù rẹ̀ nìkan ni mo rí tó ṣẹ́kù lára ògiri.

ÌyáỌmọMéjì

Alẹ́Gùn mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú ìrọ́jú gan-an ni. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí i kà níbí pé ẹnì kan kí yín.

Ẹ sọ nípa rẹ̀ fún wa. Irú èèyàn wo ni?

Alẹ́Gùn

Ẹ ṣé o. Mo ti ń sunkún níbi tí mo wà yìí.

Aláwàdà ni. Kò lè fi tíì rẹ̀ sílẹ̀ kó tutù, gbígbóná fòò ló ń mu ún, ahọ́n rẹ̀ á jó, á bú u, á sì tún mu ún. Kò mọ orin kọ, ó sì ń kọ ọ́. Ẹni tí mo ń bá jiyàn lórí ohun gbogbo ni.

BàbáÒwúrọ̀

Alẹ́Gùn, èmi náà kí yín. Ẹ wá ẹnì kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀ tí ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, àbúrò kan tàbí ìyá rẹ̀, kí ẹ béèrè ohun kékeré kan pàtó: ẹ̀wù kan, aago, ìwé. Ẹni tó bá béèrè fún "díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀" ń dá ìjà sílẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó béèrè fún ẹ̀wù búlúù kan, wọ́n sábà máa ń fún un. Tí wọn ò bá sì fún yín, ẹ lọ sí ibojì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́. Ìyẹn ò gba àṣẹ ẹnikẹ́ni.

ỌmọOpó

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbẹ́ ọmọ. Mo kéré nígbà tí bàbá mi kú, wọ́n sì sọ fún mi pé ó rìnrìn àjò. Mo wá ń bínú sí i. Kí ló dé tí kò dágbére? Kí ló dé tí kò pè? Ọmọ ilé ìwé ẹgbẹ́ mi kan ló pariwo rẹ̀ sí mi létí níbi tí a ti ń ṣeré, pé bàbá mi ti kú. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń bá mi jà ni mo ti gbọ́ ọ.

Torí náà, Mà, ẹ lo ọ̀rọ̀ náà gan-an. "Dádì ti kú. Ara rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, kò lè padà wá." Bí ẹ bá sọ fún ọmọ kékeré pé ó sùn, ẹ̀rù oorun á máa bà á. Á tún bi yín lọ́la, á tún bi yín lọ́tùnla, ìdáhùn kan náà ni kẹ́ ẹ máa fún un. Ọmọdé á sunkún tán, á ní òun fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà á máa wò ó pé kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó mọ̀, ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká ló ń gbé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Gbogbo àlejò tó bá wọlé á gbá a léjìká pé "ìwọ ni bàbá ilé báyìí o." Kò tíì hu irùngbọ̀n. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ dá a dúró níbẹ̀, lójú ọmọ náà.

Òtítọ́Korò

Ẹ ti gbà mí létí tó. Mo bi àbúrò mi. Ó ní inú òun dùn pé a kó ẹrù náà, pé òun ì bá má lè wọ yàrá yẹn. Èèyàn ò rí bákan náà, ẹ̀yin BàbáÒwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kejì, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́: ọkọ mìíràn ńkọ́? Ìyáàfin yìí ò tíì dàgbà.

OníbéèrèPúpọ̀

Háà! Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó mí ná.

Àmọ́ ẹ wo Queen Victoria, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Albert ọkọ rẹ̀ kú ní December 1861, obìnrin yẹn wọ dúdú títí tó fi kú ní 1901. Ọdún mọ́kàndínlógójì! Àwọn ará ìlú kùn títí pé ó tó, pé kó jáde síta, kò dá wọn lóhùn. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ o, Mà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ayaba pàápàá, wọn ò yé sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

BàbáÒwúrọ̀

Òtítọ́Korò, mo gbà fún yín lórí àbúrò yín. Ẹ bi í, ó dáhùn, ó parí.

Lórí fífẹ́ ẹlòmíràn, mo ti fẹ́, jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Kò sí oṣù kan tó tọ́ tí wọ́n kọ síbì kan. Ohun tí mo fi yẹ ara mi wò ni pé ṣé ìyàwó ni mò ń wá, àbí ẹni tó máa jẹ́ kí ilé má dákẹ́ rọ́rọ́ lálẹ́. Nígbà tó jẹ́ ti ìdákẹ́ ni, mi ò dá obìnrin kankan láàmú. Mo ra rédíò.

Nígbà tí èyí tó wà nílé báyìí dé, fọ́tò olóògbé wà ní pálọ̀. Mo ní kí n yọ ọ́, òun ló ní kí n fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ ni wọ́n ni í. A gbé e lọ sí yàrá wọn. A máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó mi bẹ̀ mí ni pé kí n má fi òun wé e, yálà sí rere tàbí sí búburú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìrántí ọdún òkú, mo ṣì máa ń dákẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí n dákẹ́. Àwọn tó rò pé ẹni tó tún fẹ́yàwó ti gbàgbé, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

ÌyáỌmọMéjì

Ọkọ ò sí lọ́kàn mi báyìí, Ọ̀gá Òtítọ́Korò, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lánàá. Mo ní tó bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, kó má sọ fún mi pé ó tó mọ́, kó wá bá mi di àpótí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ké lórí fóònù. Mi ò mọ̀ pé òun náà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ọkọ mi ló kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ mú èyí tí wọ́n bá fẹ́, ọmọkùnrin ti yan bẹ́líìtì tí kò lè wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá òní. Òrùka ṣì wà níbi tó wà. Mo sì ti lọ wo ìwé ibi iṣẹ́, Akọ̀wéÀgbà, bí ẹ ṣe sọ náà ni: orúkọ rẹ̀ ni.

OníbéèrèPúpọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan tó kù, kì í ṣe tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ìyàwó rẹ̀ kú lóṣù yìí. Kí ni kí n sọ fún un? Gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n".

Ẹ̀gbọ́n_Nọ́ọ̀sì

Ẹ máa dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Àwọn èèyàn ń sá fún orúkọ náà, wọ́n rò pé àwọn á rán an létí, bíi pé ó ti gbàgbé. Ẹ má ní "ibi tó sàn jù ló wà." Ẹ má ní "bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí," torí kò ní pè. Ẹ sọ pé "mò ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, èmi ni màá lọ gbé àwọn ọmọ nílé ìwé," kí ẹ sì lọ gbé wọn. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Tí kò bá fẹ́, ẹ jọ wo bọ́ọ̀lù.

Ní báyìí ilé rẹ̀ kún fọ́fọ́. Lóṣù kẹta, ìkẹrin, àlejò á ti dá. Ẹ kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín kó máa rán yín létí: oṣù kẹta, oṣù kẹfà, ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó. Àwọn ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ kan ilẹ̀kùn.